Olórí Àjọ Ohun Inú Ilẹ̀

Ní ọdún 1977, nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí ọ̀nà Òsí, ìlú wa, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbẹ, ìjọba fi ọkùnrin kan ránṣẹ́ sí wa tí orúkọ rẹ̀ gùn ju ọkọ̀ tó gbé e wá lọ. Olóyè Elijah Májẹ́kódùnmí ni, Alákòóso Àgbà àti Olórí Pátápátá fún Àjọ Ìfihàn Ohun Inú Ilẹ̀ fún Gbogbo Ènìyàn. Ẹni tó bá pè é láìpe orúkọ náà tán, kò níí dá a lóhùn. Ní ọjọ́ tó dé, ọkùnrin kan sọ fún un lẹ́bàá ọ̀nà pé, “Ọ̀gá, táyà yín ti jò.” Olóyè wo iwájú, ó ní kí wọ́n máa lọ. Irin ni ọkọ̀ náà fi rìn dé Ìlọ́fà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, ẹ má rò pé mo fẹ́ bu ọkùnrin náà kù. Ó ga, ó mọ aṣọ wọ̀, ohùn rẹ̀ sì dùn. Bó bá jẹ́ ohùn nìkan ni wọ́n fi ń ṣèjọba, òun ni ì bá wà lórí gbogbo Nàìjíríà.

Ó kó ẹ̀rọ wá pẹ̀lú. Ọkọ̀ Landirófà tí wọ́n gbé gbohùngbohùn lé lórí, jẹnẹrétọ̀, kámẹ́rà, àti ẹ̀rọ kan tó máa ń ju àwòrán sára ògiri, tí àwọn ará ìlú ń pè ní sinimá tí kì í rìn. Ọkùnrin ará Ìlọrin kan tó ń jẹ́ Issa ló ń ya fọ́tò. Dáúdà ni akọ̀wé. Iṣẹ́ Dáúdà ni láti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá rẹ̀ kó sì pàtẹ́wọ́ kí gbólóhùn tó parí.

Kì í ṣe Olóyè ló béèrè fún àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí. Fúnmilọ́lá Ìbítóyè ló béèrè. Ọmọ Òsí ni, ó sì kàwé ní Ìbàdàn nípa bí wọ́n ṣe ń wa ilẹ̀ láti mọ bí àwọn ará àtijọ́ ṣe gbé ayé. Ní ẹsẹ̀ òkè, lẹ́yìn oko àwọn ará ìlú, ó ti rí ibi tí àwọn ènìyàn ti ń yọ́ irin nígbà láéláé. Ìdàrọ́, ìdọ̀tí tó ń jáde lára irin tí wọ́n bá yọ́, kún ilẹ̀ níbẹ̀, ìléru alámọ̀ tó ti wó pọ̀ níbẹ̀, ọ̀kan sì wà tí kò wó rárá, tó ga dé èjìká ènìyàn. Ohun tí Fúnmilọ́lá fẹ́ kò ju pé kí àwọn ará ìlú rí ohun tí òun ń rí nínú kòtò, kí wọ́n sì sọ tẹnu wọn sí i. Ó kọ̀wé béèrè ẹ̀rọ. Ìjọba fún un ní ẹ̀rọ, wọ́n wá fi Olóyè lé e lórí.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Olóyè bá wa sọ, orí pápá ilé ìwé ló ti sọ ọ́.

“Ẹ̀yin ará Òsí,” ó ní, “ẹ̀yin ará Ìlọ́fà, ẹ̀yin ará Odò-Ọwà, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò lè gbọ́ ohùn mi. Òní ni ìtàn yín bẹ̀rẹ̀. Kí n tó dé, ilẹ̀ yín wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé òun wà. Mo ti wá láti fi ilẹ̀ han ara rẹ̀.”

Dáúdà ti pàtẹ́wọ́ láti ìgbà tó ti pe Odò-Ọwà.

“Ọ̀gá,” ó ní nígbà tí wọ́n padà sínú ọkọ̀, “nígbà tí ẹ dárúkọ ilẹ̀, mo rí i tó mì.”

“Mo rí i,” Olóyè dáhùn.

Fúnmilọ́lá lọ kí i ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ kejì. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ káàsán, sà. Mo ní bóyá a lè lo ẹ̀rọ yẹn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn àgbà kan fẹ́ wá wo ohun tí a rí.”

“Ọmọbìnrin,” Olóyè ní, “ẹ̀rọ ìjọba kì í ṣe ohun tí à ń lò. Ohun tí à ń ṣí ni. A ó ṣí i ní oṣù Kejìlá, nígbà tí àwọn ọmọ yín bá ti Kàdúná àti Èkó dé, Kọmíṣọ́nnà yóò sì jókòó níwájú.”

Olóyè tẹ̀ lé Fúnmilọ́lá dé ẹsẹ̀ òkè láti wo ìléru. Ó yí i ká lẹ́ẹ̀kan, ó fi ọ̀pá rẹ̀ gbá a. Ó ní ibi tí wọ́n mọ ọ́n sí kò dára, nítorí kò sí ènìyàn pàtàkì tí yóò wọ igbó wá wò ó. Ní ọjọ́ kejì ayẹyẹ, ó ní, wọn yóò so okùn mọ́ ọn, Landirófà yóò sì fà á lọ síwájú ọ́fíìsì òun.

“Amọ̀ ni, sà,” Fúnmilọ́lá sọ. “Bí ẹ bá fà á, erùpẹ̀ ni yóò dà.”

“Erùpẹ̀ àtijọ́ ṣáà ni.”

Fúnmilọ́lá kò lè sùn dáadáa ní ọ̀sẹ̀ náà. Ó kọ̀wé sí Ìlọrin, kò rí èsì. Ó ní kí òun bẹ àwọn àgbà ìlú kí wọ́n bá òun sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ gbohùngbohùn ti ń yí ìlú ká, ó ń pariwo òfin tuntun. Òfin náà rèé: ohunkóhun tó bá wà nínú ilẹ̀, láti ẹsẹ̀ òkè títí dé etí odò, ti di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wà á kúrò níbẹ̀ kí kámẹ́rà ìjọba tó yà á, kí wọ́n tó fún un ní nọ́ńbà, kí Olóyè fúnra rẹ̀ tó buwọ́ lù ú.

Oko Leah Ẹkúndayọ̀ wà láàrin ẹsẹ̀ òkè àti etí odò.

Ìyá Táyé ni gbogbo ìlú ń pè é. Opó ni, ó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, kì í sì í bá ènìyàn jà. Ní oṣù Kejìlá yẹn ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ láti Kàdúná láti wá fi òkúta sórí sàréè bàbá wọn, ìyá wọn sì ti pinnu pé kò sí ẹni tó máa wá tí kò níí jẹ iyán yó. Iṣu náà wà nínú ebè, ó ti tó ó wà. Àmọ́ nígbà tó gbé ọkọ́ dé oko, ẹ̀ṣọ́ ìjọba dá a padà.

Ó lọ sí ọ́fíìsì. “Ẹ kúuṣẹ́, ọ̀gá,” ó ní. Olóyè ń wo òrùlé. Dáúdà fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó kọ́ ọ ní orúkọ náà. Ẹni tó ti ń kọ́ orin ṣọ́ọ̀ṣì sórí láti kékeré ni, kò jẹ́ kó tún un sọ. Ó padà síwájú tábìlì, ó ka orúkọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìmí.

Inú Olóyè dùn. “Kí ni ẹ fẹ́, ìyá?”

“Iṣu mi ni mo fẹ́ wà, sà.”

“Níbo ni iṣu náà wà?”

“Nínú ilẹ̀, sà.”

Olóyè wo Dáúdà, Dáúdà wo Olóyè.

“Ìyá,” Dáúdà ní, “ṣé ẹ gbọ́ ohun tí ẹ fẹnu ara yín sọ?”

“Mo gbọ́ ọ. Inú ilẹ̀ ni iṣu máa ń wà.”

“Òfin ti sọ̀rọ̀ lórí ohun tó wà nínú ilẹ̀.”

“Èmi ni mo gbìn ín, sà. Ọdún yìí ni mo gbìn ín.”

“Gbogbo ohun àtijọ́ ló ní ẹni tó fi í síbẹ̀,” Olóyè sọ.

Dáúdà mi orí sí ọ̀rọ̀ yìí títí fìlà rẹ̀ fi bọ́.

“Ikán ti ń jẹ ẹ́, sà,” Ìyá Táyé ní.

“Ikán kò gbọdọ̀ gbé ohunkóhun kúrò níbẹ̀.”

Ọjọ́ kejì, ọkọ̀ gbohùngbohùn lọ sí oko náà, wọ́n tún ka òfin ọ̀hún níbẹ̀. A kò mọ̀ bóyá ikán gbọ́.

Ṣùgbọ́n kí Ìyá Táyé tó kúrò ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ yẹn, ó béèrè ohun kan. “Bí kámẹ́rà bá yà á,” ó ní, “tó ní nọ́ńbà, tí ẹ sì buwọ́ lù ú, ṣé mo lè gbé e lọ?”

“Bí òfin ṣe wí nìyẹn.”

“Ó dáa, sà. Ẹ ṣé.”

Láti ọjọ́ kejì ni Issa ti di ará oko Ìyá Táyé. Obìnrin náà á fi ọwọ́ gbọn erùpẹ̀ kúrò lára iṣu kan lórí ebè, Issa á fi rúlà tì í, á gbé nọ́ńbà síwájú rẹ̀, á yà á. Lẹ́yìn náà wọ́n á bọ́ sórí òmíràn. Oòrùn ń pa wọ́n.

“Ìyá, ṣé ọ̀kọ̀ọ̀kan náà ni?” Issa béèrè. “Bí a bá kó díẹ̀ pọ̀ ńkọ́?”

“Òfin kò sọ pé ká kó wọn pọ̀, ọmọ mi.”

“Èyí tí ikán ti jẹ yìí ńkọ́?”

“Yà á. Ìyẹn gan-an ló jọ ohun àtijọ́.”

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á kó ìwé àwọn nọ́ńbà náà lọ síwájú Olóyè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Ó fẹ́ràn kó máa buwọ́ lùwé. Ó máa ń ká apá agbádá rẹ̀ sókè, á pa ojú dé díẹ̀, á buwọ́ lù ú bí ẹni tó ń ṣe ìyàwó lóge. Ohun tó wà nínú ìwé kò kàn án. Dáúdà máa ń sọ pé ìbuwọ́lù náà dára ju ti ọjọ́ àná lọ.

Nígbà tó yá, Issa wá bá Dáúdà. “Akọ̀wé, fíìmù ti tán. Iṣu ló jẹ ẹ́ tán. A kò tíì ya ìléru kankan.”

“Ṣé irú ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ọ̀gá gbọ́ nìyẹn, nígbà tí ayẹyẹ ti dé tán?” Dáúdà bi í. “Fi ránṣẹ́ sí Èkó, kí wọ́n fọ̀ ọ́.”

Nígbà tí Olóyè sì béèrè bí àwòrán ṣe rí, Dáúdà ní, “Wọ́n pọ̀, ọ̀gá. Kò tíì sí irú rẹ̀ rí.” Òótọ́ ló sọ.

Fúnmilọ́lá ti kọ àlàyé fún ọjọ́ náà, ó sì gbé e fún Olóyè. Olóyè ka ojú ìwé kan, ó dá a padà. “Gbogbo ìlà ìwé rẹ ló ní ‘ó ṣeé ṣe’,” ó ní. “Ìjọba kì í sọ pé ó ṣeé ṣe.” Òun fúnra rẹ̀ jókòó, ó kọ àlàyé àwòrán tí kò tíì rí. Lójú tirẹ̀, ohun àtijọ́ kan kò yàtọ̀ sí èkejì. Ohun tó ṣe pàtàkì ni bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ṣe sọ ọ́.

Ọjọ́ ayẹyẹ pé. Kọmíṣọ́nnà dé láti Ìlọrin, ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ọmọ àgbẹ̀. Àwọn ọmọ Òsí ti ìlú ńláńlá dé. Lọ́sàn-án, ìgbìmọ̀ ìgbàlejò gún iyán fún àwọn àlejò, ọ̀dọ̀ Ìyá Táyé ni wọ́n sì ti ra iṣu, nítorí òun nìkan ni iṣu tirẹ̀ ní ìbuwọ́lù. Olóyè bu iyán, ó tún bù. Ó ní iyán ìlú yìí ní ìtàn nínú.

Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, wọ́n ta aṣọ funfun sára ògiri ilé ìwé. Olóyè kọ ẹ̀yìn sí aṣọ náà, ó kọjú sí èrò, ìwé rẹ̀ lọ́wọ́, gbohùngbohùn lẹ́nu. Àwọn àwòrán àkọ́kọ́ jẹ́ ti òun fúnra rẹ̀: Olóyè lẹ́bàá Landirófà, Olóyè tó di ọkọ́ mú, Olóyè tó ń wo òkèèrè. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ níwọ̀nba.

“Nísinsìnyí,” ó kà, “ẹ wo orí ọba ńlá kan tó jẹ lórí ilẹ̀ yìí kí ayé tó lajú. Ẹ wo bí ojú rẹ̀ ṣe tutù. Ẹ ṣàkíyèsí irùngbọ̀n ọlá tó wà ní àgbọ̀n rẹ̀.”

Iṣu kan yọ sára aṣọ, rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbòǹgbò wẹ́wẹ́ lára rẹ̀.

Bàbá arúgbó kan ní ìlà iwájú ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. “Uṣu,” ó ní. Bí àwa ará Òsí ṣe ń pe iṣu nìyẹn.

“Uṣu ni,” ẹni tó jókòó tì í ní.

“Uṣu,” àwọn tó wà lẹ́yìn náà ní.

Ìlú Jọ́ọ̀sì, lókè Ọya, ni Olóyè dàgbà sí, Yorùbá tí wọ́n ń sọ lórí rédíò nìkan ló sì kà sí Yorùbá. Ó rò pé oríkì ni. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Mo gbọ́ yín,” ó ní nínú gbohùngbohùn. “Uṣu.”

“Uṣu,” gbogbo pápá dáhùn.

Ó ń ka tirẹ̀ lọ. Issa ń yí ẹ̀rọ, nítorí wọ́n ti ní kó máa yí i. Itan akọni tó ṣẹ́gun fún ìlú yọ, iṣu gígùn kan ni. Ìbejì tí wọ́n gbá ara wọn mọ́ra yọ, iṣu tó pẹ̀ka. “Ẹ wo àpá ogun lára jagunjagun yìí,” ó ní, “kí ẹ mọ̀ pé òmìnira kì í ṣe ọ̀fẹ́.” Èyí tí ikán jẹ ló yọ.

Táyé, àkọ́bí Ìyá Táyé, tẹ̀ sí ìyá rẹ̀. “Mọ́mì, ṣé kì í ṣe oko wa nìyẹn?”

“Ebè ìsàlẹ̀, lọ́nà odò,” ìyá rẹ̀ ní. “Dákẹ́, jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀.”

Kọmíṣọ́nnà ti ń wo aṣọ náà tipẹ́. “Olóyè,” ó ní, “ẹ dákun, ẹ wẹ̀yìn.”

“Ọlọ́lá jù lọ,” Olóyè dáhùn, “èmi kì í wẹ̀yìn. Iwájú ni mo máa ń wò.”

“Mo ní kí ẹ yíjú padà kí ẹ wo ògiri.”

Ó yíjú padà. Ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ là ń wò, a sì rí i tó ń làágùn. Ní àkókò yẹn, bó bá sọ pé àṣìṣe ni, à bá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ì bá tán síbẹ̀. Àmọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ kò mọ ọ̀nà mìíràn. Ó yíjú sí wa padà.

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ó ní. “Iṣu ni. Iṣu àwọn baba ńlá wa, tó ti wà nínú ilẹ̀ láti ẹgbẹ̀rún ọdún.”

“Ẹgbẹ̀rún ọdún?” Kọmíṣọ́nnà ní.

“Ó lé, sà.”

“Ó yẹ kí n gbé e lọ sí Ìlọrin nìyẹn. Níbo ló wà?”

Olóyè wo Dáúdà. Dáúdà, tí kò tíì pàtẹ́wọ́ láti bí ìṣẹ́jú mélòó kan, wo Issa. Issa wo Ìyá Táyé. Ìyá Táyé dìde, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó pe Olóyè ní gbogbo orúkọ rẹ̀ láìfo ọ̀kan.

“Ẹ ti jẹ ẹ́ lọ́sàn-án, sà,” ó ní.

Ó wá kúnlẹ̀ fún Kọmíṣọ́nnà. “Ẹ̀yin jẹ díẹ̀, sà. Ọ̀gá ló jẹ ẹ́ dáadáa.”

Ìyàwó pásítọ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, lẹ́yìn rẹ̀ kò sí ẹni tó tún lè dá pápá náà dúró. Kọmíṣọ́nnà kò rẹ́rìn-ín. Ó pe Issa, ó béèrè ohun tí Àjọ ti yà láti ìgbà tí wọ́n ti dé.

“Iṣu, sà,” Issa ní. “Àti Olóyè.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Kọmíṣọ́nnà ní kí Fúnmilọ́lá mú òun lọ sí ẹsẹ̀ òkè. Wọ́n bá Landirófà níbẹ̀, wọ́n ti so okùn mọ́ ìléru, nítorí kò sí ẹni tó sọ fún awakọ̀ pé nǹkan ti yí padà. Kọmíṣọ́nnà béèrè ohun tí okùn wà fún. Fúnmilọ́lá fi ọwọ́ tọ́ka sí ọkọ̀. Kọmíṣọ́nnà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fúnra rẹ̀ tú okùn náà. Ó pẹ́ kó tó tú u, Dáúdà ló so ó.

Kò pẹ́ tí ìwé dé pé kí Olóyè padà sí Ìlọrin, kó lọ máa ṣọ́ yàrá tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí. Kò sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn níbẹ̀. Ní ọjọ́ tó ń lọ, ó dúró ní ibùdókọ̀ pẹ̀lú àpótí rẹ̀, agbádá rẹ̀ ti rún. Dáúdà kò sin ín. Ìyá Táyé tó ń bọ̀ láti oko yà sọ́dọ̀ rẹ̀, ó fún un ní iṣu kan fún ọ̀nà. Ó gbà á, ó dì í mú sí àyà. Ó la ẹnu, ó tún pa á dé, ó wọ ọkọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a rí i tí kò sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn ọdún tuntun, Fúnmilọ́lá gbé sinimá tí kì í rìn wá sí pápá. Kámẹ́rà tirẹ̀ ló fi ya àwòrán wọ̀nyí, wọn kò pọ̀. Kò dúró síwájú. Ó jókòó sáàrin wa lórí bẹ́ǹṣì, ó kọjú síbi tí gbogbo wa kọjú sí. Ó fi ìléru hàn wá, ó fi ìdàrọ́ hàn wá. Ó wá fi ọ̀pá amọ̀ kan hàn wá, èyí tí atẹ́gùn ewìrì alágbẹ̀dẹ ń gbà wọ inú iná. Ipa ìka ẹni tó mọ ọ́n ṣì wà lára rẹ̀.

“Kí ni ẹ rí?” ó béèrè.

Ìyá Táyé dìde, ó rìn lọ síbi aṣọ, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sójú ipa ìka náà. “Ọwọ́ obìnrin rèé,” ó ní.

“Obìnrin kankan kì í sún mọ́ ìléru,” bàbá arúgbó ìlà iwájú ní. “Bàbá mi sọ fún mi.”

“Ṣé bàbá yín wà níbẹ̀ ni?”

Gbogbo wa kọjú sí Fúnmilọ́lá kó dá ẹjọ́ náà.

“Èmi ò mọ̀,” ó ní.

Láti ìgbà tí ẹ̀rọ ìjọba ti ń wọ Òsí, a kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí lẹ́nu ẹni tó wà nídìí rẹ̀. Lẹ́yìn náà gbogbo ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn obìnrin wà lẹ́yìn Ìyá Táyé, àwọn ọkùnrin pín sí méjì, Dáúdà ń gba ti ẹni tó bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Wọ́n ṣì wà lórí rẹ̀ nígbà tí epo tán nínú jẹnẹrétọ̀ tí aṣọ náà ṣókùnkùn. Kò sí ẹni tó lọ sílé. Ẹnì kan tan àtùpà. Fúnmilọ́lá ṣí àpótí, ó mú ọ̀pá amọ̀ náà fúnra rẹ̀ jáde, ó gbé e lé bàbá arúgbó náà lọ́wọ́.

Bàbá náà gbé ìka rẹ̀ lé ojú ipa náà, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Kò wọ̀ ọ́, ìka rẹ̀ tóbi jù. Ó tún un gbé, kò wọ̀ ọ́ síbẹ̀.

“Ọmọkùnrin kékeré ló mọ ọ́n,” ó ní, ó sì gbé e fún ẹni tó jókòó tì í.